Owó orí tuntun, gírátúítì àtijọ́: ọ̀rọ̀ tó kan Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Láti ìparí ọdún 2025 ni àhesọ ti gba ìgboro Ìlọrin. Wọ́n ní ìjọba á máa wọ inú akáǹtì èèyàn lọ, á sì máa yọ owó orí níbẹ̀ láìsọ fún olówó. Wọ́n ní ọmọ tó bá fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán, tí kò kọ ọ́ sí i pé ẹ̀bùn ni, ìyá yóò san owó orí lé e. Ẹ ṣì lè dé ìsọ̀ kan ní Ìpàta tàbí Ọjà Ọba kí wọ́n ní kéèṣì nìkan làwọn ń gbà, pé tiransífà ti di ohun tí ń kó èèyàn sí wàhálà.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ irọ́ kì í ráyè tó báyìí bí kò bá rí ohun gidi kan gbára lé. Èèyàn tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún lójú pópó láìmọ ẹni tó ni owó náà, tí bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí kò sì tíì rí gírátúítì gbà, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, báwo ló ṣe máa gbà gbọ́ bí ìjọba kan náà bá ní òun fẹ́ bá a dín ẹrù kù? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó orí àti ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ti so kọ́ra lójú tèmi. Ẹni tó ń gba owó lónìí ló jẹ wá ní gbèsè ọ̀la.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní ọdún 2026. Ọ̀kan kó àwọn òfin owó orí tó fọ́n káàkiri jọ sójú kan. Ọ̀kan sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa gbà á. Ìkẹta sọ àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIRS di Nigeria Revenue Service, NRS. Ìkẹrin gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ níbi tí àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ yóò ti máa jókòó pọ̀, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ẹni tí agbowó-orí bá rẹ́ jẹ lè mú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ló pilẹ̀ ètò náà. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé owó orí tí Nàìjíríà ń rí kéré púpọ̀ sí bí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ṣe tó. Wọ́n fẹ́ kó dé ìdá 18 nínú 100 ọrọ̀ ajé náà, kí ó má sì jẹ́ tálákà ni wọ́n máa fún un lára.

Kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Abdussamad Dasuki, aṣòfin kan láti Sókótó, dìde nílé aṣojú-ṣòfin, ó ní òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde kò bá èyí tí àwọn fọwọ́ sí mu láwọn ibì kan. Ilé Aṣòfin ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ìjọba ní ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ kò yẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ìwé méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí òǹkà inú wọn kò bára mu, kì í ṣe ojú ló ń dùn ún.

Ta ló ni owó orí ta?

Orúkọ NRS ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ NRS kọ́ ni yóò gba owó orí lọ́wọ́ tíṣà Ọ̀fà tàbí télọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo. Owó orí tó wà lórí owó oṣù àti lórí èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ tí onítọ̀hún ń gbé ló ni ín. Ní Kwárà, àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀, KW-IRS, tí òfin ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2015, ló ń gbà á. Kódà olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin àti olùkọ́ Poli Ọ̀fà, tó jẹ́ pé Abuja ló ń san owó oṣù wọn, àpò Kwárà ni owó orí wọn ń wọ̀. Ṣọ́jà, ọlọ́pàá àti àwọn díẹ̀ mìíràn ni òfin yà sọ́tọ̀. Bí inú bá wá ń bí wa sí Abuja lórí owó orí, ká má gbàgbé pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa, Ìlọrin níbí ló ń sùn.

Kí ló yí padà lára owó oṣù náà? ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún, kò sí owó orí lórí rẹ̀ mọ́. ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. ₦9 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé ìdá 25 fún èyí tó bá kọjá ₦50 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn kan ti ṣírò rẹ̀ pé ₦70,000 lóṣù jẹ́ ₦840,000 lọ́dún, pé ó ti kọjá ààlà. Òfin ti dá ẹni yẹn sí lọ́tọ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Tanke, tó ń gba ₦150,000 lóṣù. ₦1.8 mílíọ̀nù nìyẹn lọ́dún. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ń yọ ìdá 8 owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo owó oṣù yẹn, ₦144,000 nìyẹn, òfin kò sì gba owó orí lórí rẹ̀. Ká ní ₦300,000 ló ń san fún ilé tó ń gbé lọ́dún: òfin tuntun ní kí wọ́n yọ ìdá 20 owó ilé kúrò kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦500,000. Ìyẹn ₦60,000. Èyí tó kù jẹ́ ₦1,596,000. Yọ ₦800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ó ku ₦796,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦119,400 lọ́dún. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹni yìí kan náà ìbá san nǹkan bí ₦133,700. Èrè rẹ̀ kò tó ₦1,200 lóṣù. Ó sàn ju kó pọ̀ sí i lọ, àmọ́ kì í ṣe owó tí èèyàn máa tìtorí rẹ̀ pe ẹbí jọ. Àwọn tí ìyípadà yìí gbè gan-an ni àwọn tí owó wọn kò tó báyìí, tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àwọn tó máa san jù tẹ́lẹ̀ lọ ni àwọn tó ń gba owó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ₦144,000 ẹ̀ẹ̀kan. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kò bá san owó ìfẹ̀yìntì kankan, owó orí akọ̀wé wa yóò di ₦141,000. Àfikún ₦21,600 nìyẹn. Kì í ṣe ìyẹn nìkan: òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún ìdá 8 òṣìṣẹ́, tí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó 15. ₦180,000 lọ́dún ni ìdá 10 yẹn. Nítorí náà ọ̀gá tó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé "mo ń san gbogbo owó yín fún yín, mi ò yọ nǹkan kan," ó jọ àánú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni kò san owó tó yẹ kó ti àpò tirẹ̀ wá, ìjọba sì tún ń gba owó orí tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì, iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá: ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní Ìlọrin bóyá wọ́n ní nọ́ńbà RSA, ìyẹn akáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ilé náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Rìsíìtì ló máa jẹ́rìí, onílé wa púpọ̀ kò sì fẹ́ràn à ń kọ rìsíìtì.

Oníṣòwò

Ohun tó ń ba oníṣòwò lẹ́rù jù ni pé owó tó gba inú akáǹtì kọjá ni wọ́n máa fi ṣírò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èrè ni owó orí wà lórí rẹ̀, kì í ṣe owó ọjà. Alhaja tó ń ta gàárì ní Mandate, tí ₦6 mílíọ̀nù gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dún, tó fi ₦5.1 mílíọ̀nù ra ọjà, tó san ₦150,000 fún ọkọ̀ àti ₦50,000 fún ìsọ̀, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦700,000. Kò dé ₦800,000. Kò ní san. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa fi hàn pé ₦5.1 mílíọ̀nù ni òun fi ra ọjà? Ibẹ̀ ni ìṣòro wà, nítorí orí ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣírò. Ìwé kan tí ọmọ lè máa bá a kọ lálaalẹ́ yóò gbà á lọ́wọ́ agbowó-orí tó bá fẹ́ fi ojú díwọ̀n èrè rẹ̀. Òfin fún wọn láyè láti díwọ̀n rẹ̀ fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹni tó ń díwọ̀n kì í sì díwọ̀n rẹ̀ sí kékeré.

Oúnjẹ tútù, oògùn àti ìwé ẹ̀kọ́ kò ní VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún owó ọjà. Owó orí fún èèyàn lásán kò nílò nọ́ńbà àjèjì kan: NIN ẹni ni yóò máa ṣiṣẹ́ nọ́ńbà owó orí. Ti ₦50 tí báǹkì ń yọ, ó ti wà tipẹ́ lórí owó tó bá tó ₦10,000. Ohun tó yí padà ní 2026 ni pé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Mo rò pé ìyẹn ló dá kún ẹ̀rù àwọn èèyàn, nítorí wọ́n rí i tí wọ́n yọ ₦50, wọ́n sì ní "ẹ rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó sì ń rí jù ₦800,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ìwé owó tó wọlé fún un ránṣẹ́ sí KW-IRS kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ìtanràn àìkọ ọ́ wúwo nínú òfin tuntun: ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Lọ́yà, dókítà tó ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará òkè òkun láti yàrá rẹ̀ ní Fate, àwọn ni mo ń bá sọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì kò sí nínú òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Bí ẹ bá bi oní-kẹ̀kẹ́ ní Offa Garage, tàbí awakọ̀ tó ń kó iṣu láti Òkè-Òde wá sí Ìlọrin, pé kí ni owó orí, kò ní dárúkọ owó oṣù tàbí VAT. Tíkẹ́ẹ̀tì ló máa dárúkọ. Ti ẹgbẹ́, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti àwọn ọmọkùnrin tó na pátákó oníṣó sójú ọ̀nà. Èyí ni owó orí tí tálákà ń san lójoojúmọ́, kì í sì í wo bóyá èèyàn ti rí ₦800,000 lọ́dún kó tó gbà á.

Òfin kan ti wà láti ọdún 1998 tó to gbogbo owó tí ìjọba lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: mẹ́jọ fún ìjọba àpapọ̀, 11 fún ìpínlẹ̀, 20 fún ìjọba ìbílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní ẹnikẹ́ni, títí kan agbowó-orí gidi, kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó orí, àti pé ẹni tí kì í ṣe àjọ agbowó-orí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbà á. Ó ti lé ní ọdún 25. Ẹ jẹ́ ká rìn láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún ẹrù oko, ká wá sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti ka òfin náà fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà.

Ìgbìmọ̀ Oyedele ní àwọn fẹ́ kí iye oríṣi owó orí má tó mẹ́wàá ní gbogbo Nàìjíríà. Èrò tó dára ni. Àmọ́ owó ọjà, owó ìsọ̀ àti owó gáréèjì, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n wà, òfin ìpínlẹ̀ sì ni yóò tún wọn tò. Ààrẹ kò lè jókòó sí Aso Rock kó fọwọ́ sí ìwé tó máa palẹ̀ pátákó oníṣó mọ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwárà ló lè ṣe é, kí ọlọ́pàá sì tẹ̀ lé e. Òun gan-an ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìbò wa, kì í ṣe pé kí wọ́n ṣáà bú òfin Abuja fún wa kí inú wa lè dùn.

Kì í ṣe ìran tiwa ló kọ́kọ́ kùn. Ní àwọn ọdún 1950, Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Pàráápọ̀ gba ìgboro, ìkùnsínú lórí owó orí sì wà lára ohun tó gbé e dìde. Àwọn bàbá yẹn kò ní àwọn kò ní san. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn tó wà lórí àga nígbà náà ni pé ta ló ń gbà á, ta ló sì ń jẹ ẹ́.

Àga méjì tí Kwárà jókòó lé

Ìjà tó gbóná jù lórí òfin yìí, orí VAT ló ti wáyé. VAT ni ìdá 7.5 nínú 100 tí wọ́n ń fi kún owó ọjà àti owó iṣẹ́. Ìjọba fẹ́ sún un sókè díẹ̀díẹ̀, wọn kò gbà fún un, ó dúró síbi tó wà. Ìpín rẹ̀ ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 15, ìpínlẹ̀ ìdá 50, ìjọba ìbílẹ̀ ìdá 35. Ní báyìí, ti àpapọ̀ di 10, ti ìpínlẹ̀ di 55, ti ìbílẹ̀ kò yí.

Bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe ń pín tiwọn láàárín ara wọn ló fa ariwo. Ìdajì rẹ̀, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń pín in. Nínú ìdajì kejì, iye èèyàn ló ń gba ìdá 30 tẹ́lẹ̀, ìdá 20 sì ń lọ síbi tí owó ti wá. "Ibi tí owó ti wá" yìí ni ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, nítorí ibi tí olú iléeṣẹ́ ti san án ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ra káàdì ìpè ní Ìlọfà, tó mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní Ìgbájà, Èkó ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ wà. Òfin tuntun ní kí wọ́n máa ka ibi tí wọ́n ti lo nǹkan náà, ó fi ìdá 30 sí i, ó sì dín ti iye èèyàn kù sí ìdá 20.

Nígbà tí àwọn abádòfin náà dé ilé aṣòfin ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, kíá ni àwọn gómìnà Àríwá péjọ sí Kàdúná ní ìparí oṣù yẹn, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ètò ìpín náà. Kwárà jókòó sí Àríwá nínú òṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Yorùbá ni à ń fi ná ọjà láti Ọjà Ọba dé Ọ̀fà. Ní àkókò kan náà, gómìnà wa, AbdulRahman AbdulRazaq, ni alága ẹgbẹ́ gbogbo gómìnà Nàìjíríà, ẹgbẹ́ yẹn ló sì wá fẹnu kò ní oṣù Kìíní ọdún 2025 sórí ìpín 50, 30 àti 20 tó di òfin. Ìpínlẹ̀ kan, àga méjì. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá Kwárà sílẹ̀ ní 1967, lọ́tẹ̀ yìí sì ni ó wúlò fún wa.

Ṣé Kwárà máa rí jù tẹ́lẹ̀ lọ? Ìdá márùn-ún tí ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda, ìyẹn dájú, gbogbo ìpínlẹ̀ ló máa jẹ níbẹ̀. Ti ibi ìlò yẹn, ó dọwọ́ bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa tó, ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Mi ò fọkàn sí i pé a ó fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ Èkó.

Àwọn tó ti ṣe tiwọn

Owó yòówù kó wọlé, mo mọ ibi tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbà lọ.

Ètò ìfẹ̀yìntì méjì ló wà láàárín wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, irú àwọn ti Yunifásítì Ìlọrin, wà nínú ètò ìdáwó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí òfin 2014 tún ṣe: ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọwọ́ ìjọba, inú akáǹtì RSA tó wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Owó tó wà nínú ètò yìí ní gbogbo Nàìjíríà ti kọjá ₦20 tirílíọ̀nù, ó sì lé ní ìdajì rẹ̀ tí wọ́n fi yá ìjọba àpapọ̀ ní owó. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú 2004, ìjọba ló yẹ kó san ti àwọn ọdún yẹn sínú akáǹtì wọn, ìjọba sì ń fi í falẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni Abuja tó fọwọ́ sí ₦758 bílíọ̀nù, owó yíyá, láti fi pa gbèsè náà rẹ́. Ọ̀wọ́n gógó sì wà níbẹ̀ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó ọjà ti fi ìdá 34.8 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tí wọ́n ń san iye kan náà fún lóṣooṣù mọ bó ṣe rí lára. Òfin 2014 ṣèlérí iye kan tí owó ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kéré jù, àmọ́ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, orí ìwé ni ìlérí náà wà.

Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Kwárà, ètò àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Lórí ìwé, ètò àtijọ́ dùn ju ti ìdáwó lọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún 35 yóò gba gírátúítì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, àti ìdá 80 owó oṣù tó gbà gbẹ̀yìn títí ọjọ́ ikú. Tíṣà tó ń gba ₦1.2 mílíọ̀nù lọ́dún nígbà tó fẹ̀yìn tì, gírátúítì rẹ̀ jẹ́ ₦3.6 mílíọ̀nù. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n kó owó náà pamọ́ sí. Inú owó tó ń wọlé lóṣooṣù ni wọ́n ti ń san án, bí owó bá sì fà sẹ́yìn, gírátúítì ló kọ́kọ́ ń dúró. Bí ₦3.6 mílíọ̀nù yẹn bá pẹ́ ọdún mẹ́wàá kó tó dé, iye náà ni wọ́n máa san fún un, kò sẹ́ni tó máa fi èlé sí i. Bàbá tó fẹ́ fi í parí ilé, gbèsè oògùn ló máa fi san. Èmi ò mọ owó orí tó wúwo ju ìyẹn lọ, kò sì sí ilé aṣòfin kan tó dìbò fún un.

Ẹ̀tọ́ méjì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Kwárà yẹ kó mọ̀ sórí, ní abala 210. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, nítorí náà àhesọ 2026 kò kàn án. Èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún owó ìfẹ̀yìntì náà gbé yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Owó oṣù tó kéré jù ti kúrò ní ₦30,000, ó ti di ₦70,000. Bàbá tó ṣì ń gba iye tó ń gbà ní 2019 ní ẹjọ́ láti rò.

Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí ńkọ́? Láti 2019 ni ètò kan ti wà fún oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́kadà láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì tiwọn. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, nínú ohun tí èèyàn bá dá, ó lè mú ìdá 40 lò nígbà tí àìní bá dé, kó fi ìdá 60 sílẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ kéré, kò sì yà mí lẹ́nu. Aláṣọ òkè ní Ìlọrin mọ alájọ rẹ̀ lójú, ó mọ ilé rẹ̀; owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó lè fi yá owó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti ra òwú. Kí ẹnì kan wá ní kó fún òun lówó títí ogún ọdún, nígbà tó ń wo tíṣà àdúgbò rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí gírátúítì? Bí ìjọba bá fẹ́ kí aláṣọ òkè dáwó, tíṣà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́, inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀. Bí àpò náà bá tú, ìjọba ìbílẹ̀ bí Ìsin tàbí Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rẹ̀ pọ̀ tí owó tó ń wọlé fún un sì kéré, ṣé òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù tirẹ̀ ni, àbí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni yóò ṣì máa dáwó jọ? Ìdájọ́ náà kò dáhùn ìyẹn, òfin owó orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì sọ̀rọ̀ kàn án. Òfin ìpínlẹ̀ ló máa dáhùn rẹ̀.